Abala Ìdílé: Òfin Wo Ni Ẹ Fi Mú Un?

 

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ní ọmọ mẹ́rin. Ó ní àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé òun lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kò sì tí ì tán títí di ọjọ́ tí òun ń kọ̀wé. Bàbá àwọn ọmọ ka ìròhìn ọkùnrin kan tí àwọn ará àdúgbò mú pé ó jalè, ó sì wí pé, “Kí ni a tún ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù fún? Ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní olè, ẹjọ́ wo ni ó kù tí a ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀?” Àkọ́bí wọn ọkùnrin, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì, dá a lóhùn pé ẹjọ́ gan-an ni a fi ń mọ̀ bóyá ènìyàn jalè tàbí kò jalè. Bàbá bínú pé ọmọ ń já òun nírọ́ lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Ìyá wá ń béèrè lọ́wọ́ wa pé: nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó jàre?

Kí a tó dáhùn, a bẹ bàbá wa yìí kí wọ́n má bínú, a sì bẹ ọmọ náà kí ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, nítorí òtítọ́ tí a bá sọ láìsí ìtẹríba a máa korò ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ kò sọ òtítọ́ di irọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí sọ, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ kí a tó dá yunifásítì kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Èmi tí ń kọ̀wé yìí rí ohun tí òwe náà ń wí nínú ilé bàbá mi. Ọmọ ẹbí kan ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tí ìyá rẹ̀ fi sí ọwọ́ bàbá mi kí ó lè lọ sí ilé-ìwé. Ní ọjọ́ kan, ṣílè kan sọnù lórí tábìlì bàbá mi. Kò sí ẹni tí ó rí ẹni tí ó mú un. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a rántí pé ọmọ yìí ti bu ẹ̀pà jẹ rí láìtọrọ. Gbogbo wa ni a sì fi ẹnu kan wí pé òun ni. Bàbá mi kò bi í ní nǹkan kan. Ó mú pàṣán, ó nà án, ọmọ náà kò sì jẹ́wọ́, nítorí kò ní ohun tí yóò jẹ́wọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, ọmọ náà sá padà lọ bá ìyá rẹ̀ ní abúlé. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n gbé igbá ọrẹ dé iwájú wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó sì mú ṣílè náà jáde. Èmi ni mo jókòó tì í. N kò lè gbàgbé bí ojú rẹ̀ ti rí. Ó lọ sí abúlé náà ní ọjọ́ kejì láti tọrọ àforíjì, wọ́n sì dárí jì í; ṣùgbọ́n ọmọ náà kò padà sí ilé wa mọ́, kò sì padà sí ilé-ìwé mọ́.

Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun tí ó yẹ kí ó ba gbogbo wa lẹ́rù nìyẹn. Kì í ṣe òṣìkà nìkan ni ó ń dá ẹjọ́ láìgbọ́. Ẹni rere tí ó dá ara rẹ̀ lójú a máa ṣe é pẹ̀lú. Bí ó bá sì lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé, níbi tí ìfẹ́ wà, báwo ni yóò ti rí ní ààfin ìjọba, níbi tí aláṣẹ kò mọ orúkọ ọmọ wa, tí ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dípò pàṣán?

Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ní òye fi gbé ògiri kan dúró láàárín aláṣẹ àti ènìyàn. Orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe ògiri náà pọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta ni a fi mọ ọ́n. Èkíní: òfin wo ni ẹ fi mú un? Èkejì: ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, tí kì í ṣe ẹni tí ó mú un? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ a ti gbọ́ ti ẹnu òun fúnra rẹ̀? Ibi tí aláṣẹ bá ti mọ̀ pé dandan ni kí òun dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, níbẹ̀ ni ènìyàn wà ní òmìnira. Ibi tí ó bá ti lè kọ̀ láti dáhùn, òmìnira tí ó kù níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tọ́ mọ́, ọrẹ àánú ni. Ẹni tí ó fi tọrẹ sì lè gbà á padà nígbàkúùgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì yóò rántí Fẹ́stù. Kì í ṣe Kristẹni, kò sì ní ìfẹ́ kan pàtó sí Pọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olórí ní Jerúsálẹ́mù bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá Pọ́ọ̀lù lẹ́bi, ó dá wọn lóhùn pé ìṣe àwọn ará Róòmù kò gbà bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni tí a fi sùn bá kọ́kọ́ fojú kan àwọn tí ó fi í sùn, tí ó sì rí àyè wí tẹnu rẹ̀. Kèfèrí ni aláṣẹ yìí, ṣùgbọ́n ó mọ ìbéèrè kẹta.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn nìkan. Èkó wa níhìn-ín ni ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ tí ó lókìkí jùlọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ ìtàn rẹ̀.

Ní ọdún 1920, Herbert Macaulay bá Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, lọ sí London nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá. Ó mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí, tí a ń pè ní Elékòó, dání lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní Macaulay sọ ní London nípa ipò Elékòó bí ìjọba nínú. Wọ́n ní kí ọba sẹ́ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Ohun tí ó ṣe kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n sì dá owó tí wọ́n ń san fún un dúró, wọ́n ní àwọn kò kà á sí olórí mọ́. Olúwa jàre ẹjọ́ ilẹ̀ náà ní ọdún 1921, ṣùgbọ́n ìjà tí ó wà láàárín ìjọba àti ààfin kò tán.

Ní ọdún 1925, apá kan nínú ìdílé Dòsùnmú kéde pé àwọn ti rọ Èṣùgbàyí lóyè, ìjọba sì gba ọ̀rọ̀ wọn wọlé. Òfin kan ti wà láti ọdún 1917 tí ó wí pé, bí a bá rọ olóyè kan lóyè, tí àṣà ìlú sì béèrè pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò ní ìlú, Gómìnà lè pàṣẹ pé kí ó kúrò. Òfin yìí ni wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n sì mú Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́. Ìbíkúnlé Akítóyè ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀.

Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe gbogbo Èkó ni ó sunkún ní ọjọ́ náà. Ìlú pín sí méjì. Bí Macaulay ti wà lẹ́yìn ọba, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ẹni pàtàkì mìíràn, irú Henry Carr, wà ní ìhà kejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò fẹ́ Èṣùgbàyí kì í ṣe ènìyànkénìyàn. Èrò wọn ni pé bí ó bá lọ, ìlú yóò tòrò. Ẹni tí ó bá béèrè lọ́wọ́ wọn nígbà náà pé òfin wo ni a fi mú un, wọ́n lè dá a lóhùn pé, “Kí ni ti òfin níbẹ̀? Ṣé ìwọ kò mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́ ni?”

Àwọn agbẹjọ́rò Èṣùgbàyí kò lọ sí kóòtù láti fi hàn pé ọba rere ni. Ohun tí wọ́n béèrè ni ìwé àṣẹ tí à ń pè ní habeas corpus, èyí tí adájọ́ fi ń pàṣẹ pé kí ẹni tí ó de ènìyàn mọ́lẹ̀ mú un wá síwájú òun, kí ó sì sọ òfin tí ó fi dè é. Wọ́n ní kí kóòtù wádìí: ǹjẹ́ Èṣùgbàyí jẹ́ irú olóyè tí òfin ọdún 1917 ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ǹjẹ́ a rọ̀ ọ́ lóyè nítòótọ́? Ǹjẹ́ ó wà nínú àṣà Èkó pé kí ọba tí a rọ̀ lóyè kúrò ní ìlú? Àwọn kóòtù ilẹ̀ yìí kọ̀. Wọ́n ní Gómìnà ti fọwọ́ sí ìwé, kò sì tọ́ sí àwọn láti wo ẹ̀yìn ìwé tí Gómìnà bá fọwọ́ sí.

Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò dẹ́kun. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí iwájú Ìgbìmọ̀ Privy Council ní London. Ní ọdún 1928, Ìgbìmọ̀ náà wí pé bí adájọ́ kan bá kọ̀ láti fún un ní ìwé àṣẹ náà, ó lè lọ bá adájọ́ mìíràn. Ẹjọ́ padà sí Èkó, wọ́n tún kọ̀. Ẹjọ́ tún rékọjá òkun. Ní ọdún 1931 ni ìdájọ́ ńlá náà dé, Lord Atkin ni ó sì kà á. Kókó rẹ̀ ni pé kò sí aláṣẹ ìjọba kan tí ó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ẹnikẹ́ni, àfi bí ó bá lè dúró níwájú kóòtù kí ó fi hàn pé òfin ni ó fún òun ní agbára bẹ́ẹ̀. Àti pé adájọ́ kò gbọdọ̀ fà sẹ́yìn kúrò nínú irú ọ̀ràn yìí nítorí pé aláṣẹ ni ó wà ní ìhà kejì.

A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ka ibí yìí kọjá kíákíá. Ìgbìmọ̀ náà kò wí pé Èṣùgbàyí ni ọba tí ó tọ́. Wọn kò wí pé ènìyàn rere ni, tàbí pé Macaulay sọ òtítọ́. Wọ́n wí pé kí adájọ́ Èkó padà lọ béèrè ìbéèrè tí ó kọ̀ láti béèrè. Kí wádìí náà tó parí, Gómìnà tuntun, Sir Donald Cameron, dé, ó sì yanjú ọ̀ràn náà. Èṣùgbàyí padà láti Ọ̀yọ́ wọ Èkó ní àárín ọdún 1931, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Ó wàjà ní ọdún 1932. Kì í ṣe pé ìjọba òyìnbó fẹ́ràn wa. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ lé e kúrò ní ilé rẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni pé òfin tí a bá tẹnu mọ́ ọn lè di ẹni tí ó ń lo agbára mú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ òfin náà.

Báwo wá ni ohun tí a fi ọdún mẹ́fà jà fún ṣe ń bọ́ kúrò lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀? Kì í bọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ni a ń rí ìdí pàtàkì kan tí a fi ní kí òfin dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ná.

Ní London gan-an ni ó ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1941, nígbà ogun, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wí pé bí mínísítà bá ti sọ pé òun ní ìdí láti ti ènìyàn mọ́lé, ó tó, kí adájọ́ má ṣe béèrè ìdí náà. Adájọ́ márùn-ún ni ó jókòó. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó kọ̀. Lord Atkin kan náà ni, ẹni tí ó ka ìdájọ́ Elékòó. Ní ọdún 1979, ilé-ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn mẹ́rin tí ó pọ̀jù ni ó ṣìnà ní ọjọ́ náà. Ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ni ó gbà wọ́n láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, ní oṣù kẹrin ọdún 1970, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ lábẹ́ Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá wí nínú ẹjọ́ Lákànmí pé ìjọba kò lè fi òfin dárúkọ àwọn ènìyàn kan kí ó sì gba ohun ìní wọn, nítorí pé iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn. Kí oṣù kejì tó parí, ìjọba ológun gbé òfin mìíràn jáde, Dìkírì 28, tí ó sọ ìdájọ́ náà di asán. Wọn kò jiyàn pé adájọ́ ṣì í. Wọ́n kàn wí pé àwọn ni ó lágbára jù.

Ìjọba ológun mìíràn gba àṣẹ ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1983. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó pàtẹ́wọ́, nítorí pé àwọn olóṣèlú tí a gbàgbọ́ pé wọ́n ti kó owó ìlú jẹ ni wọ́n kọ́kọ́ kó lọ sí àtìmọ́lé. Ní ọdún 1984, Dìkírì 2 fún wọn ní agbára láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sí kóòtù, ó sì ní kí kóòtù kankan má ṣe béèrè. Ìbéèrè kìíní kú ní ọjọ́ náà. Nípa Dìkírì 4, wọ́n ju àwọn akọ̀ròhìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Nípa Dìkírì 20, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní oṣù kẹrin ọdún 1985 nítorí òògùn olóró, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn tí wọ́n dá ti ṣẹlẹ̀ kí òfin ikú náà tó jáde. Nígbà náà ni àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dákẹ́. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ẹ jẹ́ kí a fún àwọn tí ó tọ́ sí ní ọlá wọn. Lábẹ́ ìjọba ológun, ní ọdún 1986, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wí nítorí pé ó lé Olóyè Odumegwu Ojukwu jáde kúrò nínú ilé nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù; wọ́n ní àwọn kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ìjọba àfi bí ó bá kọ́kọ́ dá a padà sínú ilé. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn Ojukwu lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Àwọn adájọ́ kò béèrè ta ni a fẹ́ràn.

Bí ológun ti lọ ní ọdún 1999, a rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2006, ní Ìbàdàn, aṣòfin 18 nínú 32 yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà nípò, nígbà tí òfin béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta, èyí tí í ṣe 22. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn ti jókòó ní ilé ìtura dípò ilé aṣòfin láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a padà sí ipò ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Bákan náà ni ó wí ní oṣù kejìlá ọdún 2004 pé Ààrẹ kò ní agbára láti di owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú. Síbẹ̀ owó náà kò tú sílẹ̀ pátápátá títí Ààrẹ mìíràn fi dé ní ọdún 2007.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn wá. Sambo Dasuki, tí ó ti jẹ́ olùdámọ̀ràn lórí ààbò, gba béèlì lọ́wọ́ adájọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì wí ní ọdún 2016 pé àtìmọ́lé rẹ̀ lòdì sí òfin. Oṣù kejìlá ọdún 2019 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ibrahim El-Zakzaky, olórí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan, ilé-ẹjọ́ pàṣẹ ní oṣù kejìlá ọdún 2016 pé kí a tú u sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 45. Ó di oṣù keje ọdún 2021, nígbà tí ilé-ẹjọ́ Kaduna wí pé kò jẹ̀bi, kí ó tó jáde. Láàárín àkókò yìí, ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari dúró níwájú àpéjọ àwọn agbẹjọ́rò, ó sì wí pé ààbò àti ire orílẹ̀-èdè ni kí ó borí òfin. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ronú bẹ́ẹ̀ láyé. Ní ọdún 2014, Viktor Orbán, olórí ìjọba Hungary nígbà náà, ti sọ ní gbangba pé ìjọba tí òun ń kọ́ kì í ṣe èyí tí ó fi òmìnira ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe ìpìlẹ̀.

A ò sọ pé Dasuki mọ́ tàbí pé kò mọ́. A ò sì gbà ohun tí El-Zakzaky ń kọ́ni. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí a ń ka ìròhìn wọn, ọ̀pọ̀ wa ni ó wí lọ́kàn pé, “Ó tọ́ sí wọn.” Ibẹ̀ gan-an ni ògiri náà ti ń wó. Aláṣẹ tí ó ní ọgbọ́n kì í kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ẹni tí a fẹ́ràn. Ẹni tí a kórìíra ni yóò kọ́kọ́ mú, kí ó lè rí bí a ó ti ṣe. Bí a bá dákẹ́, ó ti mọ ọ̀nà ilé wa nìyẹn. Ohun tí ó bá ojú kò ní ṣaláì bá imú.

Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ bínú, a kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ó wí pé kóòtù ń falẹ̀, pé olówó ń ra ọ̀nà àbáyọ, pé olè tí a mú ní òwúrọ̀ ń padà wá sí àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́. Òtítọ́ púpọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa tí a kò tí ì dá ẹjọ́ wọn ju ìdajì gbogbo àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé ìfalẹ̀ náà kò jẹ́ kí ẹjọ́ pọ̀jù. Ẹjọ́ ni kò tó. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò tètè jinná a máa fi igi kún iná ni, kì í da ìkòkò nù.

Ẹ sì rántí Àlúù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní abúlé náà ní Ìpínlẹ̀ Rivers, wọ́n pariwo olè lé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin lórí, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt. Gbogbo ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ ni ó “mọ̀” pé olè ni wọ́n. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n ní ojú ọ̀sán gangan. Irọ́ ni ẹ̀sùn náà. Ní ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ẹni mẹ́ta nítorí ọ̀ràn yìí, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Ìdájọ́ náà tọ́ kí ó wà. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá kan nínú àwọn ìyá mẹ́rin náà tí ó rí ọmọ rẹ̀ padà nípa rẹ̀. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá ti dúró láàárín agbo náà, kí ó béèrè pé, “Ǹjẹ́ a ti gbọ́ tẹnu wọn?”, bóyá wọn ìbá ti wá di bàbá ọmọ lónìí.

Kí ni kí a ṣe, àwa ará ilé? Ohun mẹ́ta ni a lè ṣe láìjáde kúrò ní ìloro wa.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a mọ òfin tí ó wà fún wa. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 35, wí pé ẹni tí a bá mú nítorí ẹ̀sùn, kí a gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà sí ibẹ̀. Bí kò bá sí, láàárín ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí pé ó tọ́. Abala 36 wí pé aláìjẹ̀bi ni a ó ka ẹni tí a fi sùn sí títí a ó fi fi ẹ̀bi rẹ̀ hàn, àti pé a kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni fún ohun tí kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ní ọjọ́ tí ó ṣe é. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní èyí gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń kọ́ wọn ní ìsirò.

Lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí wọ́n bá mú olóṣèlú tí a kò fẹ́, kí a béèrè ìbéèrè kan náà tí a ó béèrè bí ó bá jẹ́ àbúrò wa. Bí ó bá jẹ̀bi, ìbéèrè wa kò ní gbà á sílẹ̀. Bí kò bá jẹ̀bi, bóyá ìbéèrè wa nìkan ni ó kù fún un.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ó tó nà án, bí ó bá di ọlọ́pàá, bí ó bá di adájọ́, bí ó bá di gómìnà, yóò mọ̀ pé etí méjì ni Ọlọ́run fún ènìyàn. Èyí tí a kò gbọ́ tẹnu rẹ̀ náà yóò rántí, ọ̀nà tí yóò gbà san án kì í sì í dára.

Nítorí náà, ìyá wa, ọmọ yín ni ó jàre. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí bàbá mọ̀ pé kò sí ìtìjú nínú kí ọmọ ẹni mọ ohun tí a ran án lọ kọ́. Ní ti bàbá tèmi, láti ọjọ́ ṣílè náà títí ó fi kú, bí a bá fi ẹnikẹ́ni nínú wa sùn, yóò kọ́kọ́ jókòó, yóò gbé ọwọ́ sórí itan, yóò sì wí pé, “Mo ń gbọ́. Wí tìrẹ.” Ó kẹ́kọ̀ọ́ náà, ṣùgbọ́n ọmọ kan ni ó san owó ilé-ìwé rẹ̀.